TA NI Ó NI ETÍ Ọ̀SÀ ÈKÓ?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti gbogbo ará Èkó, ẹni tí ó bá gba Ìkòyí kọjá, igi ńlá, ilé ńlá àti odi gíga ni yóò rí. Ọ̀sà ni kò ní rí. Ọ̀sà wà lẹ́yìn odi, àwọn onílé nìkan sì ni atẹ́gùn rẹ̀ ń fẹ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni Etí-Ọ̀sà ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀!

Ilẹ̀ Olóyè Oníkòyí, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, ni ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1908 ni òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé e lé ọba wọn lọ́wọ́. Gómìnà MacGregor (1899 sí 1904) ti kọ̀ jálẹ̀ pé òun kì yóò ya dúdú àti funfun nípa ní Èkó. Ẹ̀fọn ni ó ní kí a gbógun tì. Àwọn tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ kò gbọ́. Wọ́n sọ Ìkòyí di ibùgbé òyìnbó. Ní ọdún 1947, nígbà tí Bristol Hotel kọ̀ láti gba Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sílé nítorí àwọ̀ rẹ̀, ariwo ta, ìjọba sì kéde pé ìyapa àwọ̀ dópin. Orúkọ yí padà di GRA. Òyìnbó kó jáde, àwọn ọ̀gá tiwa kó wọlé. Odi kò kúrò.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti àwọn tálákà. Ní Oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun wó Maroko. Àwọn tí ó pàdánù ilé tó nǹkan bí 300,000. Ilé olówó ni ó hù síbẹ̀. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2016, wọ́n dáná sun Otodo Gbame, ìletò àwọn apẹja Ègùn, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ ti ní kí wọ́n dúró. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2017, Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Èkó dá a pé ìwà náà lòdì sí òfin ilẹ̀ wa. Àmọ́ fún Banana Island, ńṣe ni wọ́n da yanrìn sínú ọ̀sà kí ọlọ́rọ̀ lè ríbi kọ́lé!

Àwọn kan a máa pa á lówe fún wa pé omi tí ènìyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀. Omi kò ṣàn kọjá apẹja. Odi ni wọ́n mọ dí i. A kò bá ẹnikẹ́ni du ilé tí ó fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sọ pé gómìnà di ilẹ̀ mú fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ṣé Ègùn àti Ìlàjẹ kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà ni?

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá wá tọrọ ìbò yín, ẹ bi í bóyá yóò mú ìdájọ́ Otodo Gbame ṣẹ, bóyá yóò fún àwọn ará Makoko ní ìwé ibùgbé wọn, àti ọ̀nà wo ni ọmọ mẹ̀kúnnù yóò gbà dé etí ọ̀sà. Kí ó dáhùn ní gbangba, kí ó sì fọwọ́ sí i.

Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́