Àgbàdo: Àlejò Tó Di Ará Ilé

 

Lọ́jọ́ kan, mò ń pọ́n ẹ̀kọ tí a fẹ́ gbé fún Ọ̀ṣun níbí ní Òṣogbo, ni ọmọ àbúrò mi tó ti Iléṣà wá bá bi mí pé, "Màmá Òṣogbo, láti ìgbà wo la ti ní àgbàdo?"

Mo ní, "Láti ìwáṣẹ̀ ni. Àwọn òrìṣà ló gbé e sọ̀ kalẹ̀."

Ó wò mí. "Wọ́n kọ́ wa níléèwé pé Amẹ́ríkà ló ti wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ìyókù tí ẹ ń sọ fún wa rí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Òótọ́ lọmọ sọ. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ àgbàdo di ohun ọ̀gbìn, ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn. Láàárín ọdún 1500 sí 1600 ló dé etíkun tiwa, nígbà tí àwọn Potogí ń fi ọkọ̀ òkun ṣòwò. Iṣu àti ọkà bàbà ti wà nílẹ̀ kó tó dé. Àwọn Maya K'iche' ní Guatemala gbà pé àgbàdo lílọ̀ ni a fi mọ ènìyàn, bí àwa náà ṣe gbà pé amọ̀ ni Ọbàtálá fi mọ wá.

Àmọ́ ẹ wo bí àwọn baba wa ṣe gbàlejò náà. Wọ́n fi ṣe ẹ̀kọ, ẹ̀gbo àti àádùn. Wọ́n fi pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fún Ọ̀ṣun. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Brazil, wọn ò gbàgbé. Títí dòní, àgbàdo funfun ni wọ́n ń sè fún Ọbàtálá níbẹ̀, ebô ni wọ́n ń pè é. Gúgúrú ni wọ́n fi ń bọ Ọbalúayé. Àgbàdo padà sí Amẹ́ríkà, òrìṣà tiwa ló wá ń jẹ ẹ́!

Nílẹ̀ ọjọ́ kejì, mo pe ọmọ náà. Mo ní, "Ìwọ lo jàre, èmi ni mo ṣì í sọ. Ohun tí à ń jẹ la fi ń bọ òrìṣà; òrìṣà kì í béèrè ọjọ́ tó dé." Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó bá mi kó ewé ẹ̀kọ tó ṣẹ́ kù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má purọ́ fọ́mọ torí àtigbé ẹ̀sìn wa ga. Bí wọ́n bá ká irọ́ kan mọ́ wa lọ́wọ́, òótọ́ mẹ́wàá ò ní wọ̀ wọ́n létí mọ́.

Ìhòòhò ni àgbàdo ń wọlẹ̀, igba aṣọ ló fi ń jáde. Bẹ́ẹ̀ ni tiwa yóò rí. Àṣẹ. Ó di oṣù mẹ́ta òní.