Ẹ Má Pa Àdírẹ́sì Rẹ́: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Kọ́ Ìkànnì ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

N kò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Bí oníbàárà bá ní ká tún ìkànnì òun ṣe, a ó pa àwọ̀ rẹ̀ dà, a ó wọ Permalinks nínú WordPress, a ó yí ètò àdírẹ́sì padà, owó á bọ́ sápò. Ẹni tó ní àdírẹ́sì àtijọ́ lọ́wọ́ ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA ti kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Òbí ti gbà á lórí WhatsApp. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, 404 ló jáde. Láti 1998 ni Tim Berners-Lee, tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, ti kìlọ̀ pé kò yẹ kí àdírẹ́sì máa yí.

Lóòótọ́, nǹkan máa ń yí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí ní Oǹdó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1963, ti di yunifásítì. Bí irú àyípadà bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ fi 301 darí àdírẹ́sì àtijọ́ kọ̀ọ̀kan sí tuntun tirẹ̀ gan-an. Ẹ má da gbogbo wọn sójú-ewé àkọ́kọ́.

Ti ojú-ewé kejì ló dùn mí jù. Ẹ tẹ "2" nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ìkànnì ìròyìn tí a kọ́: ìròyìn ojú-ewé kìíní ni yóò tún yọ, torí pé query tí a fọwọ́ ara wa kọ kò gba "paged". Òmíràn a gbé 404 wá: a ti yọ "category" kúrò nínú àdírẹ́sì, WordPress wá ka "page" inú /iroyin/page/2/ sí orúkọ ìròyìn kan. Ìròyìn ìlú wà nínú database, ṣùgbọ́n kò sọ́nà débẹ̀ mọ́.

Àwọn kan wá ń fi flush_rewrite_rules sínú functions.php, kó máa ṣiṣẹ́ nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣí ìkànnì. Ìyẹn kò wo àrùn náà sàn. Ńṣe ló ń fa sáfà sẹ́yìn. Ẹ kọ òfin /page/ sókè àwọn yòókù, kí ẹ sì tẹ Save lójú Permalinks lẹ́ẹ̀kan péré.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn: a ó to àdírẹ́sì àtijọ́ jọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a ó darí wọn, a ó sì tẹ nọ́ńbà ojú-ewé títí dé èyí tó kẹ́yìn kí a tó gba owó ìkẹyìn.