Ẹ Dá Ewúrẹ́ Padà Kí Ẹ Tó Kọrin Ẹ̀jẹ̀

Láti Èrúwà dé Lánlátẹ̀, láti Ìgbó-Ọrà dé Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngàn, kò sí ìlú kan nínú Ìbàràpá méjèèje tí èèyàn á rìn já láì rí pátákó ṣọ́ọ̀ṣì. Bí Ọjọ́ Ẹtì Rere bá dé, ìwàásù kan náà la máa ń gbọ́ káàkiri: pé àwọn baba ńlá wa fi ewúrẹ́ àti àgbò ṣòfò, pé ẹ̀jẹ̀ ẹran ò lè wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù, pé Jésù ti fi ara rẹ̀ rúbọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹbọ ti parí. Àwa tí à ń kọ èyí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wá, a sì gba ìwàásù yẹn gbọ́. Ohun tí a ò gbà ni gbólóhùn tí wọ́n so mọ́ ìdí rẹ̀, tí wọn kì í sọ jáde tán ṣùgbọ́n tí gbogbo ìjọ ń gbọ́: pé níwọ̀n ìgbà tí Jésù ti sanwó, a ò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́.

Irọ́ ni. Irọ́ yẹn ló ń jẹ́ kí ẹni tó kó owó àjọ jẹ dìde níwájú ìjọ, kó jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti dárí ji òun, nígbà tí àwọn ìyá tó ń dá owó náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ jókòó sẹ́yìn tí wọ́n ń ṣe àmín. Ta ló bi wọ́n bóyá inú wọn ti rọ̀?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ètùtù ni Bíbélì Yorùbá pè é. Ọjọ́ Ètùtù ló wà nínú Léfítíkù. Ètùtù náà ni Pọ́ọ̀lù pe Jésù nínú ìwé Róòmù, ọ̀kan lára àwọn ìwé tí Àjàyí Crowther kọ́kọ́ tú sí Yorùbá, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1850, ọdún 34 kí odidi Bíbélì tó jáde ní 1884. Ọ̀rọ̀ náà ò bá ọkọ̀ òkun dé. Inú agboolé àwọn tó ń bọ òrìṣà ló ti wá. Tù ló wà nídìí rẹ̀, tù kan náà tó wà nínú ìtura àti ìtùnú. Ẹni tí nǹkan ń dùn la máa ń tù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣètùtù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè pé: ta ni mo ṣẹ̀? Kí ló ń dùn ún? Ìbéèrè yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀ṣì wa ti gbé sọnù.

A ò sọ pé kí a padà sídìí òrìṣà o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ bú ẹbọ, kó mọ ohun tó ń bú. J. Ọmọṣadé Awólàlú, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀sìn ní Yunifásítì Ìbàdàn, to ẹbọ Yorùbá lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé tó gbé jáde ní 1979: ẹbọ ọpẹ́, ẹbọ ẹ̀jẹ́, ẹbọ ètùtù, ẹbọ ojúkòríbi, ẹbọ ìpilẹ̀, àti ẹbọ tí nǹkan mìíràn fi ń kú dípò èèyàn. Ewúrẹ́ tí wọ́n pa torí ọpẹ́ kì í ṣe ti ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Àwọn oníwàásù wa da gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni.

A ò sì ní fi ọṣẹ fọ ohun tó burú. Wọ́n fi èèyàn rúbọ nílẹ̀ Yorùbá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹrú tàbí àlejò ni wọ́n ń mú, ẹni tí kò ní ará tó máa béèrè rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tí kò lágbára ló ń fi ẹ̀mí san gbèsè àwọn alágbára. Ibẹ̀ ni ìhìn rere ti bá wa sọ̀rọ̀ tòótọ́: Ọlọ́run jí ẹni tí wọ́n pa dìde, ó dúró tì í, ó sì tú àwọn apànìyàn fó. Ìdí nìyí tó fi ń dùn wá pé àgbélébùú kan náà ni wọ́n ń lò báyìí láti pa ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lẹ́nu mọ́.

Ẹ ṣí Léfítíkù orí 6. Ẹni tó sẹ́ ohun tí ọmọnìkejì rẹ̀ fi pamọ́ sí i lọ́wọ́, tàbí tó fi ipá gba nǹkan, tàbí tó he nǹkan tó sì búra èké lé e lórí, kí ló máa ṣe? Yóò dá a padà ní pípé, yóò fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e, yóò sì gbé e fún ẹni tó ni ín. Ẹ̀yìn èyí ni ìwé náà tó dárúkọ àgbò. Tó bá jẹ́ ₦100,000 lo kó jẹ, ₦120,000 lo máa gbé wá, kí a tó máa sọ̀rọ̀ àgbò. Kódà bí ẹni tí o ṣẹ̀ bá ti kú, tí kò sì ní ìbátan, Númérì orí 5 ní kí o gbé owó náà fún àlùfáà. Gbèsè náà ò kú.

Ẹ tún wo orí 5 nínú Léfítíkù kan náà. Ẹni tí apá rẹ̀ ò ká ọ̀dọ́ àgùntàn á mú àdàbà méjì tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì wá. Bí apá rẹ̀ ò bá tún ká ìyẹn, á mú ìyẹ̀fun wá, ìyẹ̀fun lásán, láìsí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, a ó sì dárí jì í. Àwọn tó ń sọ fún wa pé Ọlọ́run ò lè rọ̀ àyàfi tó bá rí ẹ̀jẹ̀, ibo ni wọ́n ń gbà kọjá orí yìí?

Àwọn Júù tí wọ́n ni ìwé náà kò gbàgbé. Lẹ́yìn tí àwọn ará Róòmù wó Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù ní ọdún 70, kò sí pẹpẹ mọ́, kò sí àgbò. Ṣùgbọ́n nínú Mishnah, tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200, àwọn olùkọ́ wọn fi ìlànà kan lélẹ̀ nípa Ọjọ́ Ètùtù: ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín èèyàn àti Ọlọ́run, ọjọ́ náà á tù ú, èyí tó wà láàárín èèyàn àti ẹnìkejì rẹ̀, ọjọ́ náà ò ní tù ú títí a ó fi lọ bá ẹnìkejì yẹn, tí inú rẹ̀ á fi rọ̀. Jésù ti sọ ohun tó jọ ọ́ nínú Mátíù orí 5: bí o bá gbé ọrẹ dé pẹpẹ, tí o rántí pé ẹnì kan ní ọ sínú, fi ọrẹ náà sílẹ̀ níbẹ̀, lọ bá a làjà ná. Sákéù náà kò dúró kí ẹnikẹ́ni wàásù fún un. Ó ní ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ, òun á san án padà nílọ̀ọ́po mẹ́rin. Ìgbà náà ni Jésù ní ìgbàlà wọ ilé yẹn.

A mọ ohun tí wọ́n máa fi dá wa lóhùn. Wọ́n á ní, “Olè orí àgbélébùú ńkọ́? Kí ló dá padà?” Ìbéèrè gidi ni, oore-ọ̀fẹ́ sì ni oore-ọ̀fẹ́, a ò lè rà á. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Wọ́n ti kan olè yẹn mọ́gi, ikú ló kù fún un. Ọwọ́ tìrẹ ńkọ́? Inú àpò rẹ ló wà, lórí owó olówó.

Wọ́n tún á ní Jésù ti san gbèsè wa. Ọ̀rọ̀ gbèsè yìí, Anselm ló fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ nínú ìwé Cur Deus Homo, tó parí ní nǹkan bí ọdún 1098 nígbà tó jẹ́ olórí bíṣọ́ọ̀bù Canterbury. Anselm gan-an kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó gba nǹkan onínǹkan, bó bá dá ohun tó gbà nìkan padà, kò tíì tó. Ó gbọ́dọ̀ lé nǹkan lé e nítorí ìwọ̀sí tó fi kan olúwa rẹ̀. Gbèsè tí èèyàn jẹ Ọlọ́run ló ń wí. Kò sọ níbì kankan pé Jésù wá bá wa san owó birikìlà tí a ò fún lówó iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé Àdúrà Áńgílíkà ti 1662 náà ńkọ́, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS gbé wá bá wa? Ìlànà tó ṣáájú ìsìn Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa nínú rẹ̀ ní kí àlùfáà dá ẹni tó ṣe aládùúgbò rẹ̀ níbi, tí gbogbo ìjọ sì mọ̀, dúró, kó má wá síbi tábìlì títí tó fi máa ronú pìwà dà, tó sì máa san ohun tó jẹ ẹni náà, tàbí kó fi hàn pé òun múra tán láti san án. Nígbà wo lẹ gbọ́ ọ kẹ́yìn?

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni àwa kan nínú wa ń ṣe. Nídìí iṣẹ́ yẹn, èèyàn lè pa iṣẹ́ ìkìlọ̀ rẹ́ kúrò lójú kọ̀ǹpútà, kí gbogbo nǹkan dà bíi pé ó dáa. Àṣìṣe náà ṣì wà nísàlẹ̀, ó ń ba owó àwọn oníbàárà jẹ́. Irú ìdáríjì tí wọ́n ń pín fún wa nìyẹn.

Ní Ìbàràpá, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Gbágùúdá, àgbàdo àti ẹ̀gúsí là ń gbìn, màlúù sì ń kọjá nínú wọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, ariwo pé kí Fúlàní kó kúrò ní Ìgàngàn gba gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n sì jó ilé Séríkí Fúlàní. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngàn lóru, wọ́n pa èèyàn, wọ́n jó ilé, wọ́n dáná sun ààfin ọba. Láti ìgbà náà, ohùn méjì la máa ń gbọ́. Àwọn kan fẹ́ kí ẹ̀yà kan ru ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ayé lọ, bí ewúrẹ́ kejì Ọjọ́ Ètùtù, tí wọ́n lé lọ sínú aginjù. Wọ́n gbàgbé pé ẹ̀ṣẹ̀ ara wọn ni àwọn tó lé ewúrẹ́ yẹn kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Àwọn yòókù ní ká ṣáà gbààwẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ilẹ̀ wa.

Ékísódù orí 22 ti dáhùn kí Jésù tó wá: ẹni tí ẹran rẹ̀ bá jẹ oko olóko, nínú èyí tó dára jù lóko tirẹ̀ ni yóò ti san án. Ẹ ò rí i bí ó ti rí pẹrẹsẹ? Màlúù ta ni? Ebè mélòó? Èló ni? Ẹni tí wọ́n sì jó ilé rẹ̀ láì jẹ̀bi, ta ló máa bá a kọ́ ọ? Àgbẹ̀ ni o, darandaran ni o, ìbéèrè kan náà ni. Títí a ó fi béèrè rẹ̀, àdúrà àlàáfíà wa ń fo orí ọgbẹ́ ni.

Ohun tí à ń bẹ̀ ẹ̀yin àlùfáà, pásítọ̀ àti wòlíì Ìbàràpá fún kò ju mẹ́ta lọ. Kí ẹ tó gba owó ìdúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ronú pìwà dà, ẹ bi í pé ta ló jẹ lówó. Ẹ yan àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n á tẹ̀ lé e lọ sílé ẹni tó ṣẹ̀, torí ìtìjú ò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ dá lọ. Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé Ọlọ́run: bí ṣọ́ọ̀ṣì bá wà lórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì sanwó rẹ̀ tán fún ẹbí tó ni ín, ẹ san án kí Ọjọ́ Àjíǹde tó ń bọ̀ tó dé.

Ẹbọ ti parí lóòótọ́. Gbèsè aládùúgbò ṣì wà nílẹ̀. Ẹ lọ dá ewúrẹ́ oníewúrẹ́ padà, kí ẹ fi ọmọ tó bí lé e, ká wá jọ kọrin.