Ìbéèrè Kì í Ṣe Àìgbàgbọ́

Ní àwọn gáréèjì Jíbówú l'Ékòó, kí bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Oníṣà tó gbéra, ẹnìkan a gbàdúrà ìrìnàjò, èrò a sì máa ṣe àmín kíkankíkan. Àwọn èrò yìí kan náà ti kọ nọ́ńbà fóònù ìbátan wọn sínú ìwé èrò ọkọ̀, nítorí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lọ́nà. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní àìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n kí ọmọ ìjọ bi wòlíì léèrè bóyá kí òun ṣì máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun, wọ́n á ní ó ń ṣiyèméjì. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ìtàn ìgbàgbọ́ nílẹ̀ wa. Àwọn Aládùúrà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá àti Isaac Akínyẹlé wà lára aṣáájú wọn gba àwọn òyìnbó ìjọ Àpọ́sítélì láti Bìrìtéènì lálejò lọ́dún 1931. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó náà tó ń wàásù ìwòsàn àtọ̀runwá ń lo kuiníìnì nítorí ibà. Wọn ò dákẹ́. Wọ́n bi àwọn òyìnbó náà léèrè. Ọ̀rọ̀ náà dá ìjọ sí méjì ní nǹkan bí ọdún 1940, àwọn tó béèrè sì forúkọ ìjọ tiwọn, Christ Apostolic Church, sílẹ̀ lábẹ́ òfin lọ́dún 1943. Lójú tèmi, òyìnbó ò jẹ̀bi pé ó lo kuiníìnì, torí ó ń wo ibà. Síbẹ̀, àwọn tó béèrè náà ò jẹ̀bi. Àwọn tá à ń pè ní akọni ìgbàgbọ́ lónìí kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu òjíṣẹ́ Ọlọ́run gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹnìkan lè ní Jákọ́bù fi oníyèméjì wé ìgbì òkun. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni Jákọ́bù ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó ń yẹ ọ̀rọ̀ ènìyàn wò. Ìwé Ìṣe yin àwọn ará Bèróà pé wọ́n yẹ ìwàásù Pọ́ọ̀lù pàápàá wò. Bàbá tó gbé ọmọ rẹ̀ tọ Jésù wá nínú Máàkù orí 9 jẹ́wọ́ pé àìgbàgbọ́ ṣì ń bá òun jà. Ọmọ náà rí ìwòsàn síbẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ìbéèrè a máa tú ìjọ ká, wọ́n á sì tọ́ka sí ìjà kuiníìnì. Ṣùgbọ́n ìjọ méjèèjì tó jáde látinú ìjà náà ṣì ń bẹ títí dòní. Ẹni tó ṣòro láti rí gbà padà ni ẹni tó torí ìbẹ̀rù wòlíì pa oògùn tì, tí àìsàn wá gbé e dè: irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè pàdánù ìlera àti ìgbàgbọ́ pọ̀. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí pásítọ̀ tí wọ́n bá bi léèrè fèsì. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó sọ pé òun ò mọ̀, kó sì ní kí ọmọ ìjọ náà lọ rí dókítà.