Omi Ọṣẹ Ni Ká Fi Wò Ó, Kì Í Ṣe Ìṣáná

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, mo ra gáàsì ìdáná kílò 6 nítòsí ilé mi ní Kubwa, l'Ábùjá. Bí mo ṣe so rẹ́gúlétọ̀ mọ́ sílíńdà báyìí ni mo gbóòórùn. Mo yára tì í pa, mo sì gbé e padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó tà á fún mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀," ló bá mú ìṣáná jáde lápò. Ó fẹ́ fi iná wá ibi tó ti ń jò! Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti sá dé òdìkejì títì.

Obìnrin kan tó wá ra gáàsì bíi tèmi ló gbà wá. Ó po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi, ó sì dà á sí ẹnu sílíńdà. Ojú ẹsẹ̀ ni ọṣẹ náà ń hó. Òrùka rọ́bà inú ibẹ̀ ló ti sán. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n tún da omi ọṣẹ sí i, kò hó mọ́.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé imú ti tó. Òótọ́ ni pé imú wúlò. Gáàsì fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn. Ńṣe ni wọ́n ń fi òórùn burúkú sí i kí a lè tètè fura. Lọ́dún 1937, gáàsì tí kò ní òórùn jò sábẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ní New London, ìpínlẹ̀ Texas, l'Amẹ́ríkà. Nígbà tó bú gbàù, nǹkan bí 300 èèyàn ló kú, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni òfin Texas sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n máa fi òórùn sí gáàsì.

Ṣùgbọ́n imú a máa mọ́ òórùn lára, ọ̀fìnkìn sì lè dí i. Yàtọ̀ sí èyí, gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rọra kún sí. Bó bá ti tó ìdá 2 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ó ti lè gbiná. Omi ọṣẹ kì í méfò: ibi tó bá ti ń jò gan-an ló máa ń hó. Àwọn tó ń pọn bíà nílé lókè òkun pàápàá, òun ni wọ́n fi ń yẹ àgbá bíà wọn wò. Bí tiwọn bá jò, bíà lásán ló bàjẹ́. Tiwa ń jó ilé.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ta gáàsì láìní ike omi ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n rẹ̀. Kí ó yẹ sílíńdà wò lójú oníbàárà kó tó gbowó. Wọ́n á ní èrò pọ̀, ṣùgbọ́n kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó yẹ kí àjọ NMDPRA, tó ń fúnni níwèé àṣẹ, sọ ọ́ di dandan.

Kí àwa náà má jókòó dè wọ́n. Bí ẹ bá délé, ẹ ṣí sílíńdà, ẹ má ṣí sítóòfù. Ẹ fi omi ọṣẹ pa ẹnu sílíńdà, rẹ́gúlétọ̀ àti rọ́bà dé ìdí sítóòfù. Bó bá hó, ẹ tì í pa, ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ẹ má fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fi ń tan iná mànàmáná.

Nígbà tí mo padà lọ ra gáàsì lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sí omi ọṣẹ níbẹ̀. Mo ti gbé tèmi dání nínú ike. Bí mo ṣe yẹ tèmi wò tán, bàbá tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà ní kí n jọ̀ọ́, kí n bu díẹ̀ fún òun.