Gígùn Ọ̀bẹ Ọdẹ

Ó dùn mí pé ní ẹkùn Ọ̀yẹ́, níbi tí Ìrè, ìlú Ògún, wà, ọ̀bẹ gbọọrọ tí a kó ti òkè òkun dé ni àwọn ọ̀dọ́ ń mú lọ sí ìgbẹ́ ọdẹ, nítorí pé ó ń dẹ́rù ba ni. Ọ̀bẹ tí irin rẹ̀ gùn ní íńṣì 4 tàbí 5 ni ó tọ́ fún kíkun ẹran. Èyí tí ó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣóńṣó rẹ̀ a jìnnà sí ìka tí ń tọ́ ọ. Irú rẹ̀ ni mo fi kun ẹtu nígbà èwe mi. Àpá rẹ̀ ń bẹ ní àtàǹpàkò mi títí di òní. Igbó ṣíṣán, iṣẹ́ àdá ni. Alágbẹ̀dẹ Ìkọ̀lé tàbí ti Ìdó lè wo ọwọ́ ẹni kí ó tó rọ ọ̀bẹ fún un. Aláte ọjà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.