Ẹ Fi Orúkọ Bàbá Mi Sílẹ̀

Èṣù wà nínú orúkọ ìdílé wa. Mi ò ní kọ ọ́ tán síbí nítorí àwọn àbúrò mi, ṣùgbọ́n ẹ mọ irú rẹ̀: Èṣùbíyìí, Èṣùgbàmí, Èṣùtóyìn. Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó mi bí ọmọbìnrin. A gba fọ́ọ̀mù láti fi ọmọ náà fún Olúwa ní ìjọ tí à ń lọ nígbà náà, lágbègbè Ajah níbí. Pásítọ̀ ka fọ́ọ̀mù náà, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ṣé orúkọ Sátánì lẹ fẹ́ fi gbé ọmọ yìí wá bá Jésù?" Ó ní kí n lọ búra ní kóòtù, kí n gbé e sínú ìwé ìròyìn, kí n sọ Èṣù di Olú tàbí Jésù, kí n tó padà wá. Mo ní Èṣù kì í ṣe Sátánì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bá mi jà o. Bíbélì ló sọ ọ́."

Gbólóhùn yẹn gan-an ni mo ń bá jà. Bíbélì wo? Ta ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ní èdè wo, nígbà wo?

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, bí ẹnikẹ́ni bá yí ìlà kan padà nínú kóòdù, Git á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, á kọ ọjọ́ tó yí i. Bí nǹkan bá wá dàrú, kò sẹ́ni tó máa ń sọ pé "kóòdù ló sọ ọ́". Ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀ là ń wá, a sì ń bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú Bíbélì náà ní ìtàn bẹ́ẹ̀, ìtàn náà ò sì pamọ́.

Ní èdè Hébérù, "śāṭān" kì í ṣe orúkọ ẹnì kan níbẹ̀rẹ̀. Alátakò ló túmọ̀ sí, tàbí ẹni tó ń fẹ̀sùn kanni. Nínú ìwé Númérì, orí 22, áńgẹ́lì Olúwa ló dúró sójú ọ̀nà láti dá Báláámù dúró, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n sì lò fún áńgẹ́lì yẹn lédè Hébérù. Áńgẹ́lì Olúwa o! Nígbà tó yá, ṣáájú ìbí Jésù, àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì túmọ̀ ìwé Jóòbù, wọ́n sì kọ "diábolos" sí ibi tí "śāṭān" wà. Èdè Gíríìkì náà ni wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, "diábolos" sì bá a wọlé. Látìnì sọ ọ́ di "diabolus", Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di "devil". Níbi gbogbo tó dé, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló jókòó, tó ronú, tó yan ọ̀rọ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó gbọ́ Èṣù rí láyé ẹ̀.

Ó wá dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn, ọmọdé ni. Ní 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lórí omi, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ló ti di Samuel Crowther. Ní 1843 wọ́n fi í joyè àlùfáà ní London. Láàárín àwọn ọdún 1850, àwọn ìwé Bíbélì tó túmọ̀ sí Yorùbá ti ń jáde níkọ̀ọ̀kan. Thomas King àti àwọn míì bá a dá sí i, odindi Bíbélì sì parí ní 1884. Mo mọyì ọkùnrin náà gan-an. Bí kì í bá ṣe òun, bóyá èdè mìíràn ni mo fi ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Mátíù orí 4. Ní ẹsẹ kìíní, "diábolos" ni Gíríìkì wí, Bíbélì wa sì kọ èṣù. Ní ẹsẹ kẹwàá, "Satanâ" ni Gíríìkì wí, Bíbélì wa sì kọ Sátánì. Orí kan náà ni o. Ó túmọ̀ sí pé àwọn atúmọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ àjèjì sílẹ̀ bó ṣe wà. Wọ́n fi Kérúbù sílẹ̀, wọ́n fi sínágọ́gù sílẹ̀. Wọn ì bá kọ "díábólù", a ì bá sì ti kọ́ ọ bí a ṣe kọ́ áńgẹ́lì. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n mú orúkọ òrìṣà tí àwọn ará Abẹ́òkúta ń bu epo sí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi í sípò ọ̀tá Ọlọ́run. Mo rò pé mo mọ ìdí rẹ̀: wọ́n fẹ́ kí ẹni tó bá gbọ́ mọ ohun tó yẹ kó kọ̀ sílẹ̀. Ọgbọ́n ajíhìnrere nìyẹn. Kò sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run.

Ta ni Èṣù lójú àwọn tó ń bọ ọ́? Òjíṣẹ́ ni. Òun ló ń gbé ẹbọ dé ibi tó ń lọ, òun ló ń dúró ní oríta, ó lè ṣeni lóore, ó lè dá wàhálà sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́ méjì. Kò bá Olódùmarè ṣọ̀tá rí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀ ọ́ lè kọ̀ ọ́, èmi náà ò bọ ọ́. Àmọ́ kí á kọ ẹni tó jẹ́, ká má kọ ẹlòmíràn lórúkọ rẹ̀.

Ohun tó tilẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín ni àwọn ọ̀rọ̀ yòókù. Àdúrà, wàásù, wòlíì: Lárúbáwá ni gbogbo wọn ti wá, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí la ti gbà wọ́n. Àlùfáà ni à ń pe olùkọ́ Kùránì kí Bíbélì Yorùbá tó dé. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹnu àwọn tó ń bọ Èṣù náà ni Crowther ti gbọ́ orúkọ yẹn. Pásítọ̀ mi a máa gba àdúrà ní ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí, a máa pe Ọlọ́run ní orúkọ tí àwọn abọ̀rìṣà fún un, kò sì sí èyí tó nílò ìbúra kóòtù. Orúkọ bàbá mi nìkan ló dọ̀tí.

Àwọn kan á ní, "Ẹ gbọ́, lóde òní, tí Yorùbá bá ní 'iṣẹ́ èṣù', Sátánì ló ní lọ́kàn." Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Ọgọ́rùn-ún ọdún àti àádọ́ta ìwàásù ò ní ṣàì ṣiṣẹ́ lórí èdè. Ṣùgbọ́n orúkọ wa ti wà kí ìwàásù náà tó dé. Èkó tí à ń gbé yìí náà, Ọba Èṣùgbàyí Elékòó ló jẹ níbẹ̀ láti 1901. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ ọ́ lóyè ní 1925 tí wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, ẹjọ́ rẹ̀ dé Privy Council ní London, ó sì padà sórí oyè ní 1931. Àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì pe orúkọ náà nínú ìdájọ́ wọn. Wá wo Ajah, wọn ò lè pè é níwájú pẹpẹ.

Mi ò sì sí lẹ́yìn àwọn tó ń pariwo lórí YouTube pé ọba Gẹ̀ẹ́sì kan ló jókòó kọ Bíbélì ní 1611. Irọ́ ni. Ìtumọ̀ kan ló jáde lọ́dún yẹn. Ẹ̀dà Gíríìkì tí wọ́n ń pè ní Codex Sinaiticus ti wà láti ọ̀rúndún kẹrin, kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kankan tó wà. Àmọ́ ta ló ń ta àwọn ọ̀dọ́ wa sọ́wọ́ àwọn oníyùtúùbù yìí? Àwọn tó ní kò sí ìtàn kankan lẹ́yìn ìwé náà ni. Ọjọ́ tí ọmọ bá rí i pé ìtàn wà, á rò pé wọ́n pa gbogbo rẹ̀ mọ́ òun lójú, á sì jù ú nù.

Mo pe bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Áńgílíkà ni wọ́n, Bíbélì Yorùbá ni wọ́n ń kà láràárọ̀. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n ní, "Orúkọ yìí ni wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún mi. Orúkọ yìí ni wọ́n pè kí Bíṣọ́ọ̀bù tó gbọ́wọ́ lé mi lórí. Ṣé gbogbo wọn ò ka Bíbélì ni?"

Ọ̀dọ̀ wọn la gbé ọmọ lọ. Àlùfáà ibẹ̀ pe orúkọ náà tán pátá, ohùn rẹ̀ ò yí padà. Fọ́ọ̀mù Ajah ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí pásítọ̀ lórí WhatsApp: Mátíù 4, ẹsẹ kìíní àti ẹsẹ kẹwàá, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ méjì fi wà níbẹ̀? Àmì búlúù méjì ti yọ láti oṣù tó kọjá.